Ọ̀gá Rélùwéè Kambolé

Rélùwéè tó gbéra láti Lomé kò dé Sokodé rárá. Blitta ni irin rẹ̀ parí sí. Ìyẹn ló fún mi láyè láti máa pa irọ́ nílùú Kambolé, tí rélùwéè kò dé. Ta ni yóò já irọ́ mi?

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú irọ́ ọ̀hún ṣá. Nígbà tí mo ń gbé Èkó, dírẹ́bà rélùwéè kan jẹ́ kí n jókòó sáyè rẹ̀ nínú orí ọkọ̀ dísẹ́lì tó dúró, tó ń kùn. Mo wá sitíárìn, n kò rí i. Ojú irin ló ń darí ọkọ̀. Ọ̀pá tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára ní ìpele 8. Bíréèkì jẹ́ méjì, ọ̀kan fún orí ọkọ̀ nìkan, èkejì fún gbogbo ìrù tó so mọ́ ọn. Ọ̀pá tó ń yan iwájú tàbí ẹ̀yìn ṣeé yọ, dírẹ́bà a sì máa mú un dání bó bá ń sọ̀kalẹ̀. "Fa fèrè," ló wí. Mo fà. Iyanrìn ló dà sórí irin, èyí tí wọ́n ń lò kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà yọ̀. Apá yìí kò dé Kambolé.

Ohun tó dé ibẹ̀ ni pé mo ti wa ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ní lọ́rì àtijọ́ kan, gbọ́. Lọ́jọ́ tó ń kó iṣu lọ Sokodé, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. A kọjá Tchamba wọ́ọ́rọ́wọ́, mo ń ṣàlàyé bíréèkì rélùwéè, ó ń mi orí. Ní Sokodé, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan dí ọ̀nà. Mo fẹ́ fọn fèrè, ọwọ́ mi sì rántí pé fífà ni. Mo fa bọ́tìnnì dúdú kan lábẹ́ sitíárìn tagbára-tagbára. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí à ń pa iná rẹ̀. Epo là ń gé mọ́ ọn lẹ́nu. Iṣẹ́ bọ́tìnnì yẹn nìyẹn. Bí a kò bá tì í padà, ẹ́ńjìnnì kò ní jí. Èmi kò tì í. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì fi kú. Mo ní afẹ́fẹ́ ló wọnú epo. Àwọn ọlọ́jà ń tì wá lẹ́yìn, wọ́n ń bú mi ní èdè Kotokoli.

Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò." Ó fi àtàǹpàkò ti bọ́tìnnì wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sídìí sitíárìn, ó ní kí n lọ bá wọn tì í. Lọ́rì jí. Mo sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò ṣí i.

"Ọ̀gá rélùwéè," ló wí, "àyè wà lórí iṣu."