Àgúnmu Òwò Nínú Fóònù

"Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò" ni àwọn àgbà wí, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ lẹ́nu ọmọ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó tún ń béèrè ẹni tí ó yẹ kí a bu àgúnmu náà fún. Nígbà tí ìpolówó ṣì jẹ́ ti ohùn ẹnu, ìbéèrè yìí kò pọn dandan, nítorí pé ibi tí ohùn ẹlẹ́kọ lè dé kò kọjá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé, ẹni tí ó bá sì gbọ́ tí kò rà kò ná an ní kọ́bọ̀.

Ní ọdún 1998 ni ilé-iṣẹ́ GoTo.com ní California bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ apolówó nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá tẹ ìpolówó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Google, tí ó ti dá ètò AdWords sílẹ̀ ní ọdún 2000, gba ọ̀nà yìí ní ọdún 2002, ètò náà ni a sì ń pè ní Google Ads láti ọdún 2018. Títẹ̀ ni a ń sanwó fún, yálà ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ní in lọ́kàn láti ra ọjà tàbí ìka rẹ̀ ló ṣèèṣì.

Bí oníbúrẹ́dì kan ní Ìkìrun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ètò yìí, wọn yóò bi í níbi tí ó fẹ́ kí a ti rí ìpolówó rẹ̀, òun náà, tí kò fẹ́ kí ọrọ̀ kankan fo òun dá, yóò sì yan gbogbo Nàìjíríà, kí ará Kánò lè máa fi owó rẹ̀ tẹ àwòrán búrẹ́dì tí yóò ti bu kí ó tó dé Kánò. Ká tilẹ̀ ní ó gbọ́n díẹ̀, tí ó fa ìlà róbótó yí Ìkìrun ká dé Ìníṣà àti Òkukù, ètò tí Google ti yàn sílẹ̀ fún un kò mọ sórí àwọn tí ń gbé inú róbótó náà, ó tún ń kó àwọn tí wọ́n fi ìfẹ́ hàn sí ibẹ̀ mọ́ wọn. Ọmọ Ìkìrun tí ń gbé Peckham ní London, tí ó ń ka ìròyìn ìlú rẹ̀ lóru, a rí búrẹ́dì, àárò ilé a sọ ọ́, a sì tẹ̀ ẹ́. Oníbúrẹ́dì ti sanwó àárò ẹni ẹlẹ́ni.

Àpótí kékeré kan tún wà tí wọ́n máa ń fi àmì sí sílẹ̀ de apolówó tuntun, èyí tí ń gbé ìpolówó lọ sórí ojúlé, fídíò àti áàpù tí iye wọn ju mílíọ̀nù 2 lọ, tí géèmù àwọn ọmọdé wà lára wọn. Ọmọ ọdún 3 tí ìyá rẹ̀ gbé fóònù fún lọ́jà Òkukù kí ó má baà sunkún di oníbàárà pàtàkì, apolówó ń fi iye títẹ̀ yangàn lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, búrẹ́dì sì wà lórí àtẹ. Ẹni tí ebi ń pa ní Ìníṣà láàárọ̀, ẹ kúkú gbọ́, kì í bi Google léèrè. Ọmọ ni ó ń rán sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé.

Síbẹ̀, ọmọ Peckham yẹn gan-an ni ẹni tí ó ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní Ìkìrun ń wá, nítorí pé London tàbí Èkó ni ọ̀pọ̀ ọmọ olókùú ti ń ṣètò ibi tí àlejò yóò jókòó sí àti alásè tí yóò bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n onígbọ̀ngàn ti gbọ́ pé oníbúrẹ́dì fi owó ṣòfò lókè òkun, ó sì yára ti ìpolówó tirẹ̀ mọ́ Ìkìrun nìkan, níbi tí àwọn aládùúgbò tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sùn láti alẹ́ Jímọ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí nọ́ńbà tí wọn yóò fi pè é bú.