Ọ́ìlì Ọkọ̀ Eré àti Àwọn Àṣìṣe Òǹkọ̀wé Kan

Iṣẹ́ ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì ju ẹyọ kan lọ. Òun ló ń dúró láàárín irin méjì kí wọ́n má baà máa họ ara wọn. Ó ń gbé ooru kúrò lábẹ́ písítìnì, ó ń fọ èérí lọ sínú fíltà, bẹ́ẹ̀ ni nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, òun ló tún ń dárí àsìkò tí fáàfù ń ṣí tó sì ń pa dé. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ lè fara da àṣìṣe díẹ̀ lórí ọ́ìlì. Ọkọ̀ eré kì í fi bẹ́ẹ̀ dárí jini.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ òǹkọ̀wé yìí jù ni BMW M3 tí wọ́n ń pè ní E46, èyí tí wọ́n ṣe láti 2000 sí 2006, nítorí pé ó ra tòkunbọ̀ rẹ̀ kan sí Èkó, owó ara rẹ̀ ló sì fi kọ́gbọ́n lórí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, S54, ní sílíńdà 6, ó jẹ́ lítà 3.2, agbára ẹṣin 343 ló ní, ó sì lè yí po nígbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá dé ibẹ̀, písítìnì kọ̀ọ̀kan ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ní ìgbà tó lé ní 130 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Orí bíárìn kọnírọ́ọ̀dù, irin tó so písítìnì mọ́ kíráńkì, ni gbogbo ipá yẹn ń já sí, ohun tó sì la bíárìn náà àti kíráńkì kò ju ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ọ̀rọ̀ bíárìn yìí kì í ṣe àwàdà: BMW fúnra rẹ̀ pe àwọn M3 tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 2001 sí 2003 padà láti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì tí ilé-iṣẹ́ náà yàn fún S54 ni 10W-60.

Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́rọ tí wọ́n ń pè ní SAE, ní Amẹ́ríkà, ló ṣètò irú nọ́ńbà wọ̀nyí. Èyí tí W tẹ̀ lé ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe nínú òtútù. Ti 10W, inú òtútù ìwọ̀n 25 sí ìsàlẹ̀ òdo ni wọ́n ti ń dán an wò bóyá ẹ́ńjìnnì á lè yí. Kò sí ẹni tó máa pàdé irú òtútù bẹ́ẹ̀ ní Mushin. Nọ́ńbà kejì ló kan ilẹ̀ olóoru jù, torí pé ó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé ìwọ̀n 100 Celsius. Níbẹ̀, ọ́ìlì 50 gbọ́dọ̀ wà láàárín centistokes 16.3 àti 21.9, ti 60 sì wà láàárín 21.9 àti 26.1.

Òǹkọ̀wé yìí kò wo nọ́ńbà kejì rárá. Ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ìlì, ó fi ìka méjì pa 20W-50 wò, ó rí i pé ó ń fà bí ewédú tó jinná dáadáa. Ó wá rò ó pé 20 ju 10 lọ, oòrùn Èkó sì ju ti Jámánì lọ, nítorí náà òun ti gbọ́n ju àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà. Ó fi ṣéńjì jẹ súyà. Ọ́ìlì tútù ni ìka rẹ̀ wọ̀n. Kò sí ìka tó lè wọn ìwọ̀n 100, níbi tí ọ́ìlì tó rà ti ṣàn ju èyí tí BMW fẹ́ lọ. Ẹ́ńjìnnì náà kò kú lójú ẹsẹ̀, ohun tó sì mú kí irú àṣìṣe yìí burú nìyẹn: bíárìn kì í pariwo nígbà tó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá fi máa dún, ohun tí mẹkáníìkì máa sọ ni pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Orí ló kó òǹkọ̀wé yọ, mẹkáníìkì rẹ̀ rí ike ọ́ìlì náà nínú búùtù, ó ní kí wọ́n tú u dànù.

Bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó ṣe pàtàkì bí irú rẹ̀. Lítà 5.5 ni S54 ń gbà bí wọ́n bá pààrọ̀ fíltà mọ́ ọn. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí wọ́n sì ti pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè ṣàn padà sísàlẹ̀, ni wọ́n ń fa géèjì yọ. Òǹkọ̀wé fa tirẹ̀ yọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé, lójú ẹsẹ̀ tó pa ẹ́ńjìnnì. Géèjì sọ pé ọ́ìlì kò tó. Ó da lítà ààbọ̀ kan lé e, èyí tí a lè pè ní èènì. Èènì dára lọ́jà gààrí. Nínú ẹ́ńjìnnì, ṣe ni kíráńkì máa ń na ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù títí á fi hó, afẹ́fẹ́ á sì wọ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò sì lè gbé bíárìn. Èyí tó kù á gba ihò ìmí ẹ́ńjìnnì lọ sínú sílíńdà, á jó, á sì di èéfín aláwọ̀ búlúù. Kọ́ńdọ́ dánfó kan yọ orí jáde, ó béèrè èló ni wọ́n ń gbà fún ẹ̀fọn pípa ládùúgbò kan.

Ọ́ìlì tó tọ́, tó sì pé, ṣì nílò àkókò láti gbóná. 10W-60 ki púpọ̀ nígbà tó bá tutù, kì í sì í tètè dé ibi tó yẹ. Omi inú rédíétọ̀ máa ń gbóná ṣáájú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá wo géèjì omi nìkan ti tan ara rẹ̀ jẹ. BMW to àwọn iná kéékèèké yí aago tó ń ka yíyípo ẹ́ńjìnnì M3 náà ká: wọ́n máa ń tàn láàárọ̀, wọ́n á sì máa kú níkọ̀ọ̀kan bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná. Ibi tí wọ́n bá ṣì ń tàn dé, kí ẹsẹ̀ awakọ̀ má dé ibẹ̀. Òǹkọ̀wé rò pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ń tàn ló máa ń tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ ní ẹnu géètì, kí àwọn ọmọ àdúgbò lè pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ eré ló fẹ́ ọ́ìlì tó ki. 0W-40 ni wọ́n ń dà sí Nissan GT-R R35, ọ̀pọ̀ Porsche 911 náà ń lo irú rẹ̀ tó bá ìwọ̀n A40 ti Porsche mu, 0W-20 sì ni Honda yàn fún Civic Type R irú FK8. Ẹlẹ́rọ tó wọn àyè inú bíárìn ló mọ ohun tó yẹ ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Èyí kò yé òǹkọ̀wé nígbà tó da ìyókù 10W-60 rẹ̀ sínú Corolla ìyàwó rẹ̀, tí ìwé rẹ̀ ní 0W-20, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ìyáàfin dúpẹ́. Ọ́ìlì tó ki jù máa ń fa ẹ́ńjìnnì kékeré sẹ́yìn, ó sì ń jẹ epo. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó epo oṣù náà, ìdúpẹ́ náà di èébú.

Lẹ́yìn ìwọ̀n kíki, ó ku àwọn àmì tó wà lẹ́yìn ike. Lára àmì API, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ epo ní Amẹ́ríkà, èyí tó bá fi S bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tó ń lo pẹtiróòlù, SP sì bẹ̀rẹ̀ ní 2020. C jẹ́ ti dísù. ACEA ni ti Yúróòpù. Ju gbogbo wọn lọ ni àṣẹ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, bíi MB 229.5 ti Mercedes. Àwọ̀ ọ́ìlì kò sọ nǹkan kan, nítorí ọ́ìlì tó ń fọ èérí dáadáa kì í pẹ́ dúdú. Èyí tó yẹ kí oníbàárà Nàìjíríà fiyè sí ni ìdérí: ayédèrú ọ́ìlì pọ̀ lọ́jà, inú ike gidi tó ti ṣófo ni wọ́n sì ń rọ púpọ̀ nínú rẹ̀ sí. Bí ẹ bá da ọ́ìlì tán ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ẹ fi ọ̀bẹ la ike náà kí ẹ tó fi í sílẹ̀.