Oríkì A-gún-ọ̀kọ̀-gba-pàṣán

Ọ̀kọ̀ yẹn ló ń bí mi nínú. Bí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pápá Doak Campbell ní Tallahassee, akẹ́kọ̀ọ́ kan á múra bí Osceola, jagunjagun àwọn Seminole, á gun ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Renegade, á sáré wọ àárín pápá, á sì gún ọ̀kọ̀ tí iná ń jó lẹ́nu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ariwo á ta. Ọdún 1978 ni àṣà yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Bobby Bowden jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, tí ọ̀kọ̀ sì mú.

Lọ́dún 2024, eré méje ni ikọ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Florida, tó ni pápá yìí, gbá nílé, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Àlejò nà wọ́n nínú márùn-ún. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá, Yunifásítì Florida gbéra láti Gainesville, wọ́n fi 31 sí 11 lu onílé, wọ́n sì gbé àsíá tiwọn gún sí àárín pápá, ibi tí ọ̀kọ̀ máa ń dúró sí. Ìjà bẹ́. Mike Norvell, akọ́nimọ̀ọ́gbá onílé, fúnra rẹ̀ fa àsíá náà yọ, ó jù ú nù. Ó yọ àsíá. Ta ni yóò yọ 31?

Ẹ bá mi wá onílù.

A-gún-ọ̀kọ̀-gba-pàṣán, mo kí ọ.
Ọmọ a-tanná-sẹ́nu-ọ̀kọ̀ kí ọ̀tá lè ríran nà án.
A-gbẹ́hò-sílẹ̀-de-àsíá-ẹlòmíràn.
Ọlọ́kọ̀ tí kò lọ́kọ́, kí lo fẹ́ fi roko?
Ọkọ Tallahassee, ọkọ tí àlejò ń nà lójú ìyàwó.
O gbọ́kọ̀ lọ́wọ́, o wọkọ̀ òfurufú,
Ọkọ̀ gúnlẹ̀, ọ̀kọ̀ kò gúnlẹ̀,
Dublin fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

(Osceola kọ́ ni mò ń bú o. Ẹni tó gbógun ti Amẹ́ríkà nítorí ilẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀fẹ̀ yìí.)

Bẹ́ẹ̀ ni, Dublin ti Ireland. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ni. Ipò kẹwàá ni wọ́n fi ọ́ sí ní gbogbo Amẹ́ríkà kí ọdún eré tó bẹ̀rẹ̀. Georgia Tech ta bọ́ọ̀lù kan nígbà tí aago ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó di 24 sí 21. Ìyà tó wà ní Florida kò tó ọ, o sọdá òkun lọ ra tòkèèrè! Àwọn ẹlòmíràn a máa ti òkè òkun gbé aṣọ àti bàtà bọ̀. O délé, Boston College fi 28 sí 13 kí ọ káàbọ̀, Memphis náà ní kí òun má gbẹ́yìn.

O ní ẹgbẹ́ ACC tí o ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ kò tó ẹgbẹ́ rẹ mọ́, o pè wọ́n lẹ́jọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Nínú eré mẹ́jọ tí o bá àwọn tí kò tó ẹgbẹ́ rẹ gbá, ẹyọ kan lo rí mú, ti California, 14 sí 9. Duke kò borí rẹ rí tẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti ń pàdé. Ọwọ́ rẹ ló ti rí i gbà, 23 sí 16. Olóore Duke! A-ṣí-ilẹ̀kùn-fẹ́ni-tí-kò-kanlẹ̀kùn.

A-gún-ọ̀kọ̀-gba-pàṣán, ọmọ Mẹ́ta-péré.
Georgia jẹ 63, o jẹ mẹ́ta.
Notre Dame jẹ 52, o tún jẹ mẹ́ta.
Ìtapá kan ṣoṣo tó di mẹ́ta,
Mẹ́ta nínú ọ̀kan, ọ̀kan nínú mẹ́ta,
Onígbàgbọ́, ẹ forí jì mí.
Ẹni tó bá gbé ọ mì, eegun mẹ́ta ni yóò tu.

Ti Georgia yẹn, òpin ọdún 2023 ni, àánú rẹ sì ṣe mí nígbà náà. Ṣáájú eré náà, eré 13 lo gbá, 13 lo jẹ, o gba ife ACC, síbẹ̀ wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwọn mẹ́rin tí yóò du ife Amẹ́ríkà torí pé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ọ fẹsẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Èmi ò ní yí ìyẹn padà.

Onílù, dá ọwọ́ dúró ná. Ní oṣù Kìíní 2024, Nick Saban, akọ́nimọ̀ọ́gbá Alabama, fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rù bà wọ́n ní Tallahassee pé Alabama á wá kó Norvell lọ, ni wọ́n bá sáré kọ ìwé tuntun fún un: ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lọ́dọọdún. Lẹ́yìn 52 sí 3, àwọn wo ni Norvell lé? Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀: ẹni tó ń darí ìkọlù, ẹni tó ń darí ìdènà. Olówó ńlá kò kúrò lórí àga. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù lọ́dún 2024 ti fara pa lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá SMU gbá, kò sì padà mọ́. Ọmọ tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó ni wọ́n ń tì síwájú àwọn géńdé. Ọmọ ọlọ́mọ ń forí kọrí, àgbà ń ka owó. Ẹ má bú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn létí mi.

Ó yá, onílù.

A-gún-ọ̀kọ̀-gba-pàṣán,
A-jẹ-mílíọ̀nù-mẹ́wàá-jẹ-eré-méjì,
Charleston Southern nìkan ló mọ iyì rẹ, 41 sí 7,
A kì í gbàgbé oore, a kí wọn pẹ̀lú.
Méjì lo jẹ, mẹ́wàá lo fi tọrẹ,
Irú ọwọ́ yìí kò sí láti ọdún 1974.

A kì í kini láìgbowó. Baba olówó, ẹ lẹ dọ́là mọ́ mi níwájú orí. Bí kò bá pọ̀ lápò yín, ẹ fún mi ní mẹ́ta.