Góòlù Mi àti Ìrẹsì Màámi

Nígbà tí ẹ̀rọ géèmù PlayStation 4 jáde lọ́dún 2013, wọ́n fi bọ́tìnnì kan tó ń jẹ́ Share sára páàdì rẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń ta géèmù ni ẹ̀rọ náà ń rọra ká a sílẹ̀, ìṣẹ́jú 15 tó kẹ́yìn sì wà níkàáwọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá gbá góòlù aláràmàǹdà, kó ṣáà tètè tẹ bọ́tìnnì náà. Ẹ̀rí dé! (Ẹni tí wọ́n fi góòlù márùn-ún nà kì í rántí pé bọ́tìnnì wà níbẹ̀.)

Ti àwòrán rọrùn. Ohùn ló ń dójú tini. Mo tan máìkì, mo lanu bíi ti àwọn asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù orí rédíò, mo ń ṣàlàyé bí mo ṣe fi Messi gé agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn mẹ́ta kọjá nínú géèmù FIFA. Lọ́dún 2023 ni wọ́n yí orúkọ géèmù náà padà sí EA Sports FC, àmọ́ ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa? Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ló kọ́kọ́ bá mi dá sí àlàyé náà. Góòlù wọlé báyìí, ohùn Màámi náà wọlé:

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé Mẹ́sì ló máa bá ẹ sọ ìrẹsì kalẹ̀ ni?”

Àwọn ọ̀rẹ́ mi wo fídíò náà tán, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ góòlù. Wọ́n ní ṣé ìrẹsì náà jóná.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kanlẹ̀kùn.