Òmìnira Jámbáìtì

Tẹ́nikẹ́ni bá bi mí bóyá yunifásítì dùn ju ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì lọ, ohun tí màá kọ́kọ́ bi òun náà ni pé ta ló ń jí i láàárọ̀. Ní bọ́dìn tí mo ti ṣe sẹ́kọ́ńdìrì, agogo ló ń jí wa. Aago márùn-ún ààbọ̀ ò ní í tíì lù tán tí ọmọ tó ń lu agogo á ti máa gbá irin mọ́ irin bí ẹni tá a jẹ lówó. Ẹni tí agogo ò bá jí, bẹ́líìtì síńíọ̀ á jí i. Agogo ló ń sọ ìgbà tá a máa wẹ̀, ìgbà tá a máa jẹ ẹ̀wà oníkòkòrò, ìgbà tá a máa kàwé, ìgbà tá a máa paná. Gbogbo ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún mi, ọ̀nà àtisá fún agogo yẹn ni mo ń lò ó fún. Mo mọ ibi tí ọgbà ti lu. Mo mọ ìyá oníbúrẹ́dì tó ń tàwìn fún ọmọ bọ́dìn. Mo ti ṣàìsàn tí dókítà kankan ò gbọ́ rí, kí wọ́n ṣáà lè fún mi níwèé kí n lọ sílé.

Ká má parọ́, mo mọ òmìnira jí. Èyí tí wọ́n wá gbé fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 ni mo di Jámbáìtì, ìyẹn ọmọ tuntun, ní yunifásítì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé-ìwé ò ṣẹ̀ mí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Accounting ni mo lọ kọ́. Kíláàsì tí mo kọ́kọ́ wọ̀, a pọ̀ débi pé àwọn kan jókòó sójú fèrèsé, àwọn mìíràn wà níta tí wọ́n ń na ọrùn. Bí olùkọ́ ṣe wọlé báyìí, eékún mi nà. Ọdún mẹ́fà gbáko ni sẹ́kọ́ńdìrì fi kọ́ eékún yẹn pé bí olùkọ́ bá wọlé, kó nà. Kò béèrè lọ́wọ́ mi kó tó nà. Ẹnu mi náà ò dúró de ọpọlọ: "Gúùdù mọ́níìn, sàà! Gọ́ọ̀dù bùlẹ́ẹ̀sì yúù, sàà!" Mo fà á, mo fi orin sí i, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ìgbà tí mo dórí "sàà" kejì ni mo tó gbọ́ pé ohùn èmi nìkan ló ń dún.

Baba náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí tìtì. "Mọ́nítọ̀, o káre. Ṣé o ti nu pátákó?"

Ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín, á jókòó jẹ́ẹ́. Èmi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè lọ́hùn-ún, mo ń ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́" láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, mo lọ nu pátákó. Mi ò rí dọ́sítà, ni mo bá fi ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi nù ún. Títí mo fi jáde, Mọ́nítọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Àwọn kan ò mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí dòní.

Ọ̀rọ̀ owó ò gùn. Ní bọ́dìn, ọwọ́ olùkọ́ tó ń ṣọ́ ilé wa ni owó wa máa ń wà, díẹ̀díẹ̀ ló ń já a fún wa. Ní yunifásítì, Màámi san owó sẹ́mẹ́sítà kan sí báǹkì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fún mi ní káàdì ATM, mo sì di gbajúmọ̀ ní gbogbo búkà. Ṣakí lọ́tọ̀, pọ̀nmọ́ lọ́tọ̀, ọ̀rẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn mi. Ọmọ yunifásítì a máa fi nọ́ńbà ka oúnjẹ: ẹni tó jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́ ń ṣe 1-0-1, ẹni tó jẹ lọ́sàn-án nìkan ń ṣe 0-1-0. Èmi bẹ̀rẹ̀ lórí 1-1-1 pẹ̀lú mínírà. Kí sẹ́mẹ́sítà tó dé ìdajì, mo ti wà lórí 0-0-1: gàrí, omi, àti kúlíkúlí bí ẹnìkan bá ṣàánú.

Mo pe Màámi. Mo ní wọ́n ní ká ra ìwé kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà.

"Kí lorúkọ ìwé ọ̀hún?"

Mi ò tíì ronú débẹ̀. "Ìwé... Accounting Apá Kejì, mà."

"Apá kìíní ńkọ́?"

Mo ní ìyẹn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wa. Màámi fi owó náà ránṣẹ́, wọn ò sì tún sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí ìyẹn ti bà mí lẹ́rù.

Oorun wá ńkọ́? Mo ní kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀, kò sí agogo, kò sí síńíọ̀. Fóònù á ké títí, màá fi ọwọ́ ara mi pa á, màá yí ẹ̀gbẹ́ kejì sókè. Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni pé kò dùn. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, bí mo bá sá lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí kan péré, adùn rẹ̀ á wà lẹ́nu mi títí di ọjọ́ kejì, torí ẹnìkan ń wá mi kiri. Níbí, mo sá títí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo sá.

Àmọ́ ibi tí mo ti wá ṣe é bàjẹ́ pátápátá ni ti GST. Àwọn ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ yunifásítì gbọ́dọ̀ ṣe ni GST, ohun yòówù tí wọn ì báà máa kọ́, ọ̀kan nínú wọn sì dá lórí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà àti àṣà wọn. Mo lọ wo pátákó ìkéde, èrò pọ̀ níwájú mi, mo yọjú láàárín orí ẹni méjì, mo rí yàrá kan àti aago mẹ́wàá ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo lọ. Mo bá olùkọ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa Yorùbá. Ẹ̀yà Nàìjíríà rèé, àṣà wọn rèé. Mo jókòó.

Mi ò kọ́ ìtàn rí. Láti SS1 ni wọ́n ti pín wa, sáyẹ́ǹsì síhìn-ín, áàtì sọ́hùn-ún, àwa kọ́máṣà sáàárín, ẹni tó bá sì ṣèèṣì wọ kíláàsì tí kì í ṣe tirẹ̀, pàṣán ni wọ́n fi ń lé e padà. Níbí, kò sẹ́ni tó lé mi. Ọkùnrin yẹn ń sọ ìtàn ogun Kírìjì tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀: Ìbàdàn lápá kan, Èkìtì Parapọ̀ lápá kejì, láti 1877 títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886. Ó ní ìró ìbọn ló sọ ogun náà lórúkọ, ó sì fẹsẹ̀ janlẹ̀ ká lè gbọ́ ọ: kí-rì-jì! Ó sọ bí Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, ṣe kú sí ibùdó ní 1885, láìfojú rí òpin ogun. Ó sọ ti Samuel Johnson, àlùfáà tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ láàárín apá méjèèjì, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tó fi ránṣẹ́ sí òyìnbó ní Ìlú Ọba, tí odindi ìwé sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù jọ, tó tún un kọ, kó tó wá jáde ní 1921.

Kíláàsì yẹn nìkan ni mi ò sùn gbàgbé. A ṣe ìdánwò kékeré, mo kọ̀wé débi pé mo tọrọ pépà sí i.

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ni wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Òmìnira pọ̀ débi pé kò sí kíláàsì kankan tí mo lè sá fún mọ́. Màámi ń fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ jí mi ní aago márùn-ún, mo ń bá wọn gbé àpò ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù, bí ọjà bá sì dá, mo ń ka ìwé Johnson tí mo yá lọ́wọ́ bọ̀dá kan ládùúgbò. Kò sẹ́ni tó ní kí n kà á.

Nígbà tá a wọlé padà ní 2014, èsì ìdánwò kékeré ti wà lára ilẹ̀kùn olùkọ́. Mo wá orúkọ mi títí. Mo kanlẹ̀kùn.

"Ìwọ lo kọ ìwé rẹpẹtẹ lórí Látòósà?"

"Èmi ni, sà."

"O gba 26 nínú 30. Mi ò rí orúkọ rẹ nínú rẹ́jísítà. Ẹ̀ka wo lo wà?"

"Accounting, sà."

"Kí lọmọ Accounting ń wá ní kíláàsì History?"

"GST ni, sà."

"GST ta ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ó wá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rín dá. "Ọmọ yìí, GST yín, wọ́n ń ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí o."

Mo sáré débẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́, okùn rẹ̀ ti já lójú ọ̀nà. Ìbéèrè kìíní ní ká sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Nok. Mi ò gbọ́ Nok rí láyé mi. Mo kọ ọ́ pé kéèyàn tó lè lóye Nok, ó yẹ kó kọ́kọ́ lóye ogun Kírìjì, mo sì la Kírìjì yé wọn fún odindi ojú ewé mẹ́ta. Ìbéèrè kejì dá lórí ìgbéyàwó láàárín àwọn Tiv. Ẹ mọ ibi tí mo gbé e gbà.

F ni wọ́n fún mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè bá jà. Kárí-ófà, kí n tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn Jámbáìtì tuntun. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kí n tọ́ka sí ibi tí yunifásítì ti dùn mọ́ mi jù, kíláàsì tí mo ṣìnà wọ̀ yẹn ni màá nawọ́ sí. Olùkọ́ náà tilẹ̀ ní bí mo bá fẹ́ sọdá sí ẹ̀ka àwọn, òun á bá mi sọ̀rọ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe Màámi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Màámi, ẹ kú ọjà. Mo fẹ́ fi Accounting sílẹ̀ ni o. Ìtàn ni mo fẹ́ máa kọ́."

"Ìtàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo gbọ́ tí wọ́n ní kí oníbàárà kan ṣe sùúrù.

"Èyí tó o pa fún mi lọ́jọ́sí lórí Apá Kejì ńkọ́? Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"