Híhó inú Rédíò Mi

Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ rédíò tí yóò tètè gbà pé ọwọ́ òun ni àléébù wà. Ìdí nìyí tí èmi, ọ̀mọ̀ràn Bantè, amòye tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan, fi dá ẹyẹ àti ènìyàn lẹ́bi kí n tó bojú wo ògiri yàrá mi.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ: irú èyí tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà láti fi wo tẹlifíṣọ̀n ni, tí ṣíìpù RTL2832U wà nínú rẹ̀, tí àwọn afirédíò-ṣeré ti mọ̀ láti ọdún 2012 pé kọ̀ǹpútà lè sọ di rédíò. Nítorí pé kì í gbọ́ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ 24 MHz, mo yọ́ òjé, mo lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún, mo sì fi iná jó ìka mi méjì, kí n lè gbọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò TWR tí ń fọhùn láti Parakou lórí 1566 kHz. Ṣìììì ni mo gbọ́, bí àkàrà nínú epo.

Mo fi ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ga síwájú rẹ̀. Híhó ni ó ga, nítorí ìpele 256 péré ni ṣíìpù yìí fi ń ka ohun tí ó bá gbọ́, bí ariwo bá sì ti gba gbogbo rẹ̀, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní ibi tí yóò jókòó sí.

Mo wá rántí pé ní 1964, Arno Penzias àti Robert Wilson ní Amẹ́ríkà gbọ́ híhó tí kò dáwọ́ dúró nínú áńtẹ́nà wọn, tí wọ́n gbá ìgbẹ́ ẹyẹlé kúrò nínú rẹ̀ tí híhó kò lọ, àfi ìgbà tí ó hàn pé ooru tí ó ṣẹ́kù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ àgbáálá ayé ni, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1978. Ni mo bá gun òrùlé, mo lé ẹyẹlé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹyẹlé lọ, híhó kò lọ, Nobel kò sì dé.

Ó kan ìyá tí ń lọ àgbàdo. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀rọ yín ni kò jẹ́ kí n gbọ́ Parakou.” Wọ́n wò mí tòkè-tilẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?” Ẹ̀rọ dísẹ́lì ni, kò sì ní pọ́lọ́ọ̀gì tí ń ta iná tí rédíò lè gbọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó ráyè ronú?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ kan èèkàn mọ́ ojúbọ Dankoli lójú ọ̀nà Savalou, kí híhó náà lè lọ. Mo gba ọ̀nà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àgbàlagbà atúnrédíòṣe kan ní Savalou ni mo yà sí. “Àbúrò, kí ni ó ń gbé iná fún kọ̀ǹpútà rẹ?” Mo ní ṣájà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà: irú ṣájà bẹ́ẹ̀ a máa tan, a sì máa kú, ní nǹkan bí ìgbà 65,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì máa pariwo ní gbogbo ìlọ́po iye náà, ìlọ́po 24 rẹ̀ jẹ́ 1560 kHz, ẹ̀gbẹ́ Parakou gan-an. Ó yọ òrùka ferrite lára tẹlifíṣọ̀n tí ó ti kú, ó ní kí n wé wáyà USB mọ́ ọn, kí n fi agolo wàrà bo ẹ̀rọ náà, kí n sì lo bátìrì nìkan.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, Parakou sì wọlé ketekete. Ẹyẹlé padà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti gbàgbé. Ìyá tí ń lọ àgbàdo ni kò tíì dárí jì mí, Savalou ni mo sì ń gbé àgbàdo mi lọ.