Akàn, Ìjàpá àti Páìpù Mẹ́ta

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Akàn, ó dá lórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo.

Ní ayé àtijọ́, tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó sé odò Ọ̀yán ní 1983, àwọn ẹranko ní ọgbà ìgbafẹ́ kan létí odò Ògùn, níbi tí odò náà ti gba àárín àpáta Abẹ́òkúta kọjá. Ọgbà gbogbo ayé ni, kò sẹ́ni tó ń gbowó ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kànga ìlú wà.

Nígbà tó di oṣù Èrèlé ọdún kan, omi kànga bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, inú sì ń run àwọn tó ń mu ún. Àwọn kan ní Òwìwí ló ń fi àjẹ́ bà á jẹ́. Àwọn kan ní Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń wẹ̀ nínú rẹ̀ lóru. Erin, olórí ìlú, pe ìpàdé.

Akàn tó ń gbé inú ihò létí odò dìde, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, yẹ̀pẹ̀ pupa ló wà lókè ilẹ̀ wa yìí, òkúta tó ti rà ló tẹ̀ lé e, àpáta gidi ló wà nísàlẹ̀. Inú òkúta tó rà yẹn àti ojú ibi tí àpáta ti sán ni omi wa wà, ó sì ń rìn. A ò mọ ibi tó ń gbà kó tó dé kànga. Ẹ jẹ́ kí n ri páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta mọ́lẹ̀ nínú ọgbà, kí wọ́n dúró bí ààrò. Páìpù kan á sọ bí omi ṣe jìn tó, ṣùgbọ́n ó di mẹ́ta kí a tó mọ ọ̀nà tó ń gbà. Láti òjò yìí dé òjò èèmíì ni. Lẹ́yìn náà, n ó fà wọ́n tu, n ó fi amọ̀ dí ojú ihò, kí ìdọ̀tí orí ilẹ̀ má baà gbabẹ̀ wọlé."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò dìde: "Ṣé kò ní í fa omi odò wa gbẹ?"

Akàn ní, "Okùn ìwọ̀n ló ń wọnú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe korobá."

Ẹtu ní páìpù á ba ẹwà ọgbà jẹ́. Àgbò ní kí Akàn kọ lẹ́tà, kó ṣe é ní ẹ̀dà méje, kí ìgbìmọ̀ kan yẹ̀ ẹ́ wò, kí ìgbìmọ̀ mìíràn sì yẹ ìgbìmọ̀ náà wò.

Ni Ìjàpá bá bú sẹ́kún. "Ilẹ̀ àjogúnbá wa o! Fún ìgbà díẹ̀, fún ìgbà díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn! Lónìí páìpù, lọ́la ọgbà onírin, lọ́tùn-únla wọ́n á máa gbowó lọ́wọ́ wa!" Gbogbo ìjókòó pàtẹ́wọ́. Ìjàpá nu ojú, ó fẹ́ padà sídìí àtíbàbà ẹmu rẹ̀ tó wà láàárín ọgbà náà gan-an. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Erin ló tọrọ àyè láti pa àtíbàbà ọ̀hún, ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Erin ti lọ́mọọmọ báyìí. Páànù àtíbàbà náà ti dípẹtà, Ìjàpá sì ti gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn oníbàárà.

Ìgbín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpàdé ni. Ó ní, "Akàn ti dá ọjọ́ tí yóò kúrò. Ta ló tún dá ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọgbà yìí?"

Ikọ́ gbé Ìjàpá.

Àwọn àgbà gbà fún Akàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó fi nǹkan dógò. Kò sẹ́ni tó gba ìdógò lọ́wọ́ Ìjàpá rí. Akàn já ọwọ́ rẹ̀ kan, ó gbé e síwájú Erin.

Ó la ojú wẹ́wẹ́ sí ìdí páìpù kọ̀ọ̀kan, ó da òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ yí i ká, ó fi amọ̀ dí i lókè, ó sì dé e. Láràárọ̀, á fi ẹfun pa okùn, á sọ ọ́ sísàlẹ̀, á fà á sókè, á wo ibi tí ẹfun ti tutù, á sì máa kọrin:

Lílé: Omi abẹ́ ilẹ̀, níbo lò ń rè?
Ègbè: Wẹ́rẹ́ ṣàn, wẹ́rẹ́ ṣàn.
Lílé: Ojú kò rí ọ, ọwọ́ kò tó ọ.
Ègbè: Wẹ́rẹ́ ṣàn, wẹ́rẹ́ ṣàn.
Lílé: Bójò bá padà dé, n ó kẹ́rù mi.
Ègbè: Wẹ́rẹ́ ṣàn, wẹ́rẹ́ ṣàn.

Orin yìí kò jẹ́ kí Ìjàpá sùn. Lóru ọjọ́ kan, ó yọ́ lọ da akèrègbè ẹmu kan sínú páìpù, kí wọ́n lè sọ pé páìpù Akàn ló ń ba omi jẹ́. Kò mọ̀ pé Akàn kì í yẹ omi tó ti sùn sínú páìpù wò. Á kọ́kọ́ fà á dànù, kí tuntun tó ń bọ̀ láti inú ilẹ̀ wọlé. Ẹmu dànù, ìlú kò mọ̀.

Òjò padà dé. Akàn ka èsì rẹ̀ lójú ọjà. Omi páìpù ẹ̀bá àtíbàbà ló ga jù, òun náà ló sì ń rùn jù. Ti ẹ̀bá kànga ló lọ sílẹ̀ jù. Omi kì í ṣàn gòkè. Ó ní ó kéré tán, ó yẹ kí 30 mítà wà láàárín ṣáláńgá àti kànga. Ti Ìjàpá kò tó ìdajì rẹ̀. Ó wá gbé orin:

Lílé: Omi abẹ́ ilẹ̀, mo mọ̀nà rẹ.
Ègbè: Wẹ́rẹ́ ṣàn, wẹ́rẹ́ ṣàn.
Lílé: Ẹ̀yìn àtíbàbà lo gbà kọjá.
Ègbè: Wẹ́rẹ́ ṣàn, wẹ́rẹ́ ṣàn.

Akàn fa páìpù rẹ̀ tu, ó dí ojú ihò, koríko sì bo ibẹ̀. Ọwọ́ tó fi dógò ti gbẹ. Òmíràn hù, kò tó ti àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ akàn kan fi ń tóbi ju èkejì lọ.

Wọ́n ní kí Ìjàpá dí ṣáláńgá, kó sì kó àtíbàbà rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Mo gbọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n gbé e pọ̀n ná, fún ìgbà díẹ̀, títí n ó fi rí ibi tí n ó sọ̀ ọ́ sí." Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà títí di òní.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó bá tọrọ ilẹ̀ gbogbo ayé, ẹ gba ọjọ́ tí yóò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ gba ìdógò lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì ka èsì rẹ̀ fún wa lójú ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sunkún pé kí a má wọn ilẹ̀, ẹ lọ wo ẹ̀yìn àtíbàbà rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó!